Labalábá tó fi ara rẹ̀ wé labalábá: ta ló kọ́ ọ?

AdébímpéIléṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo fẹ́ràn kí n máa fi fóònù ya kòkòrò inú ọgbà. Labalábá pupa rúsúrúsú kan wà tó pọ̀ lágbègbè wa, ṣóńṣó apá rẹ̀ iwájú dúdú, ọ̀já funfun kan sì gba inú dúdú yẹn kọjá. Gbogbo yín lẹ ti rí i rí. Ìgbà tí mo to àwòrán mi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé irú méjì ni. Ọ̀kan ní àmì dúdú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín apá ẹ̀yìn. Èkejì ní ẹyọ kan péré, létí òkè apá ẹ̀yìn náà. Mo yẹ ìwé wò: èkíní ń jẹ́ Danaus chrysippus, èkejì ń jẹ́ Hypolimnas misippus, wọn ò sì sún mọ́ ara wọn nínú ẹbí labalábá.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé abo misippus nìkan ló rí báyìí. Akọ rẹ̀ dúdú kirikiri, àmì funfun rìbìtì-rìbìtì wà lára rẹ̀, àwọ̀ àlùkò sì yí àmì náà ká. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún ò ní gbà pé tọkọtaya ni wọ́n.

Àwọn àgbà ní labalábá tó fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èyí tó fi ara rẹ̀ wé labalábá ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ? Kí ló sì dé tí akọ ò bá a ṣe é?

OlùkọÀlàbí

Sístà mi, ojú yín mú o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo méjèèjì yẹn bí ọ̀kan náà láti kékeré dé àgbà.

Orí oúnjẹ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ bọmubọmu, igi tí àwọn Fúlàní máa ń fi oje rẹ̀ mú wàrà dì? Ẹ já ewé rẹ̀ kan, oje funfun á máa kán tó tó bíi pé ẹ fún ọmú màlúù. Oró tó ń da iṣẹ́ ọkàn rú wà nínú oje yẹn, ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ pàápàá kì í fi í já ewé igi náà jẹ bó ṣe ń já ti àwọn yòókù. Chrysippus ní tirẹ̀, orí bọmubọmu àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀, ewé olóró yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Oró ò pa á. Ńṣe ló ń kó o pamọ́ sínú ara, tó sì ń gbé e lọ títí tó fi máa hu apá. Ẹyẹ tó bá gbé irú labalábá bẹ́ẹ̀ mì, èébì ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Lincoln Brower dán èyí wò ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Ìbátan chrysippus tó ń jẹ́ monarch ló lò. Ó fún ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní blue jay, tí kò mọ monarch rí, ní monarch tó fi ewé olóró dàgbà. Ẹyẹ jẹ ẹ́, inú rẹ̀ rú, ó bì í. Láti ìgbà náà lọ, bó bá ti fojú kan monarch báyìí, ó di kó yí orí kúrò. Brower wá tún sin monarch mìíràn tó fi kábéèjì bọ́. Ẹyẹ jẹ ìyẹn, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Labalábá kan náà ni o, àwọ̀ kan náà. Oúnjẹ ìgbà èwe ló yàtọ̀.

Misippus kò bá oró pàdé rárá. Pápásan wà lára ewé tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ, èyí tí àwa náà ń rí láàárín ebè. Ara rẹ̀ dùn-ún jẹ. Àmọ́ ẹyẹ tó ti bì lórí chrysippus, ṣé ó máa dúró kó ka àmì dúdú apá ẹ̀yìn kó tó pinnu?

DáúdùÈkó

Ẹ dúró ná, sà. Wàrà tí mo ń jẹ láti kékeré, oró ni wọ́n fi ń ṣe é? 😳

OlùkọÀlàbí

Ìwọ̀nba oje díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, orí iná sì ni wọ́n ti ń sè é. Ẹ máa jẹ wàrà yín lọ. Ẹ má ṣáà lọ mu oje bọmubọmu.

DáúdùÈkó

Ó dáa, ọkàn mi ti balẹ̀. Ọ̀rọ̀ misippus yìí wá dà bí ti ẹni tó lọ rán aṣọ ṣọ́jà wọ̀. Kò níbọn, kò ka nọ́ńbà kankan ní bárékè, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ọ̀nà ló ń ṣí fún un. Àmọ́ bí gbogbo àdúgbò bá wá rán aṣọ ṣọ́jà ńkọ́?

OlùkọÀlàbí

> Àmọ́ bí gbogbo àdúgbò bá wá rán aṣọ ṣọ́jà ńkọ́?

Dáúdù, ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ tí aláfarawé bá pọ̀ ju olóró lọ, ẹyẹ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ohun jíjẹ á kọ́kọ́ bá misippus pàdé, á jẹ ẹ́, á gbádùn rẹ̀, á sì máa wá irú rẹ̀ kiri. Àwọ̀ yẹn á wá di àmì oúnjẹ. Aláfarawé á kú, olóró náà á bá a kú sí i. Nítorí náà ni aláfarawé kì í fi í pọ̀ ju ohun tó ń farawé lọ fún ìgbà pípẹ́: bó bá ti ń pọ̀ sí i ni iye tí ẹyẹ ń pa nínú rẹ̀ ń ga sí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ là á yé ayé ni Henry Walter Bates, ará Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti kúrò nílé ìwé láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Òun àti Alfred Russel Wallace jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ẹkùn odò Amazon ní Bràsíl ní 1848. Wallace padà sílé ní tirẹ̀, Bates dúró síbẹ̀ títí di 1859. Irú ẹ̀dá tó kó bọ̀ lé ní 14,000, kòkòrò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó rí labalábá kan tó yẹ kó funfun bí àwọn ẹbí rẹ̀, àmọ́ tó gbé àwọ̀ ẹbí mìíràn tí ẹyẹ kì í jẹ wọ̀, débi pé òun tìkára rẹ̀ tó fi iṣẹ́ náà jẹun kì í mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí wọ́n bá ń fò. Ó tún ṣàkíyèsí pé bí olóró bá ti yí àwọ̀ padà láti agbègbè kan sí èkejì, aláfarawé náà ń bá a yí. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1862, Charles Darwin, onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n, sì yìn ín gan-an.

Bí aláfarawé bá kúrò níbi tí olóró wà, aṣọ náà di ẹrù sí i lọ́rùn. David Pfennig àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìyẹn hàn ní 2001. Wọ́n fi plasticine mọ ejò: àwọn kan ní ìlà pupa, yẹ́lò àti dúdú bíi ti ejò kan tí kò lóró tó fi ara rẹ̀ wé ejò coral olóró, àwọn yòókù jẹ́ ejò lásán. Wọ́n tò wọ́n sínú igbó ní àwọn ìpínlẹ̀ Carolina àti ní Arizona. Níbi tí ejò coral ń gbé, àwọn ẹranko ò fẹ́ fi eyín kan ejò aláwọ̀ yẹn. Níbi tí kò gbé, wọ́n gé e jẹ dáadáa.

Ní ti akọ, sístà mi: abo ló ń ru ẹyin kiri, ara rẹ̀ wúwo, ó sì ní láti máa rọra fò káàkiri ewé kó tó rí ibi tó máa yé e sí. Akọ kò ní ẹrù yẹn lọ́rùn. Bí àwọn tó ń farawé bá sì mọ sí ìdajì, ẹ̀tàn náà ń pẹ́ kó tó tú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tún gbà pé akọ nílò àwọ̀ tirẹ̀ kí abo àti akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá a mọ̀.

ÀgbẹÌwó

Mo kí gbogbo ilé. Èmi ò mọ orúkọ òyìnbó wọ̀nyẹn, àmọ́ mo mọ tata. Ọmọ tata, kó tó di pé ó hu apá, ńṣe ni wọ́n máa ń ṣù jọ gìrìgìrì sórí ewé kan, dúdú àti yẹ́lò lára wọn, ẹ ò ní rí ewé yẹn gan-an mọ́. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, wọn ò ní sá bí ẹlẹ́ǹgà ṣe ń sá. Adìẹ mi á sáré dé ibẹ̀, á wò ó, á fi ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Àgbà tata náà ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ mi bí ẹni tó san owó ilẹ̀. Kí ló gbójú lé?

ṢeunÌlọrin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oko o, àrokò bọ́dún dé. Tata yẹn náà ni àwọn kan ń jẹ lọ́dọ̀ wa, wọ́n á yọ ìfun rẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á dín in. Ó dùn.

KẹmíKòkòrò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni mò ń ṣe, tata sì jẹ mí lógún ju labalábá lọ.

Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Zonocerus variegatus. Ẹ di àgbà rẹ̀ mú dáadáa, ẹ ó rí omi kan tó ń sun jáde láti ẹ̀yìn ikùn rẹ̀, òórùn rẹ̀ ò dáa. Àmọ́ ohun tó gbójú lé jù wà nínú ewé Akíntọ́lá. Bí Akíntọ́lá bá tanná, tata á fi oko sílẹ̀, á lọ bá òdòdó yẹn. Kì í ṣe ebi ló gbé e lọ. Májèlé kan wà nínú òdòdó náà tó ń ba ẹ̀dọ̀ ẹranko jẹ́. Tata ń wá a kiri, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sára títí kan inú ẹyin tó ń yé sínú ilẹ̀. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Michael Boppré, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fi èyí hàn ní àwọn ọdún 1980. Ẹ rántí pé Akíntọ́lá kì í ṣe ewé wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò tíì pé 100 ọdún tó wọ ilẹ̀ yìí. Tata bá ilé oògùn tuntun pàdé, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé.

Àǹtí/bọ̀dá Ṣeun, nítorí májèlé ẹ̀dọ̀ yẹn, èmi ò ní jẹ tata tí wọ́n mú lórí Akíntọ́lá, yálà wọ́n yọ ìfun rẹ̀ àbí wọn ò yọ ọ́. Tinú mi ni mo sọ yẹn o.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣù jọ tí ẹ̀gbọ́n sọ ló ṣe pàtàkì jù. Ó dá Darwin lágara ní 1867: àwọn ọmọ labalábá kan, wọn ò tíì dàgbà débi tí wọ́n á máa wá akọ tàbí abo, kí ni wọ́n ń fi àwọ̀ tó ń pariwo ṣe? Wallace ló fún un lésì pé ẹyẹ ni àwọ̀ náà ń bá wí: “Má jẹ mí, mo korò.” Ọ̀gbẹ́ni Jenner Weir tó ń sin ẹyẹ fi tirẹ̀ dán an wò, ó sì bá a bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìṣòro kan kù. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé àwọ̀ yẹn wọ̀, ẹyẹ ò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ni ẹyẹ máa kọ́kọ́ rí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa. Báwo ni irú rẹ̀ ṣe wá di púpọ̀? Ní 1930, Ronald Fisher ní kí a wo àwọn tó ń gbé pọ̀. Àwọn tó ṣù jọ sórí ewé kan, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹyẹ tọ́ ọ̀kan wò, ó tutọ́ dànù, ó fi 50 yòókù sílẹ̀. Ẹni tó kú ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ní jíìnì àwọ̀ yẹn, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ló kù tí wọ́n ń bímọ. Gìrìgìrì tí ẹ rí lórí ewé ẹ̀gẹ́ yẹn nìyẹn.

ÀgbẹÌwó

Ó dáa, ọmọ mi. Ìdí rèé tí mo fi ń fi iná sun Akíntọ́lá etí oko, tí àwọn ọmọ mi ń bínú pé mo ń ṣe wàhálà.

ÈròTèmi

Ẹ má bínú o, àmọ́ gbogbo èyí ń bọ̀ wá jọ àlọ́ lójú mi. Kòkòrò tí kò ní ọpọlọ tó ẹyọ ìrẹsì, ó jókòó, ó rò ó, ó ní “ẹ jẹ́ kí n ya ara mi bíi lágbájá”? Ọlọ́run ló dá kálukú bó ṣe rí. Mo tún ti kà á pé àfòpiná tí àwọn òyìnbó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹfolúṣọ̀n, irọ́ ni, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ òkú rẹ̀ mọ́ ara igi ni, wọ́n wá ya fọ́tò rẹ̀.

OlùkọÀlàbí

Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ó rò ó, arákùnrin mi. Misippus kò tilẹ̀ mọ bí apá ara rẹ̀ ṣe rí. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ò jọra pátápátá: ọ̀kan pupa díẹ̀ ju èkejì, àmì ọ̀kan tóbi díẹ̀. Ẹyẹ ń jẹ èyí tí kò jọ chrysippus, ó ń fo èyí tó jọ ọ́. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń yé ẹyin. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran. Ojú ẹyẹ ló ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń rí yẹn, ẹyẹ náà ò sì mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Ní ti ẹni tó dá ẹyẹ, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú bíi tiyín.

MàmáDáre_Manchester

Ẹ kú ilé o. Ìlú Manchester tí mò ń gbé yìí ni ọ̀rọ̀ àfòpiná ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Àfòpiná náà funfun, wọ́n da dúdú wẹ́wẹ́ sí i lára, tó fi jẹ́ pé bó bá bà lé èèpo igi tí nǹkan bí ewéko fífẹ́lẹ́ bò, ojú kì í tó o. Ní 1848 wọ́n rí ọ̀kan níbí tó dúdú bí èédú. Ayé ilé iṣẹ́ aṣọ ni, èéfín ti pa ohun tó bo èèpo igi, igi ti dúdú. Nígbà tó fi máa di 1895, nínú 100 tí wọ́n bá mú nítòsí ibí, bí 98 ló dúdú. Nígbà tí ìjọba wá ṣòfin èéfín ní 1956, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Lónìí ẹ máa wá a tì.

Láti mọ èyí tí ẹyẹ ń jẹ jù, onímọ̀ kan, Bernard Kettlewell, tú wọn sílẹ̀ nínú igbó ní 1953 àti 1955, ọ̀kan nítòsí Birmingham tí èéfín pọ̀ sí, èkejì ní Dorset tó mọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n fi òkú ya àwòrán inú ìwé, òótọ́ sì ni pé àwọn èèyàn rí àbùkù nínú ọ̀nà tó gbà tú wọn sílẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń pè é ní irọ́ kì í sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Michael Majerus ti Cambridge tún un ṣe láti 2001 dé 2007, ó tú àfòpiná 4,864 sílẹ̀ lóru bó ṣe yẹ, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ẹyẹ tó ń ṣà wọ́n jẹ. Dúdú ni ẹyẹ jẹ jù nínú igbó tó mọ́. Ọkùnrin náà kú ní 2009, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2012. Ní 2016 àwọn onímọ̀ rí ibi tí nǹkan ti yí padà nínú jíìnì rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ṣírò pé nǹkan bí 1819 ló ṣẹlẹ̀. Àdúgbò jíìnì yẹn náà ló ń darí àwọ̀ àwọn labalábá olóró kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

KẹmíKòkòrò

Ẹ ṣeun, mà. ÈròTèmi, ẹ jẹ́ kí n fi tilẹ̀ Áfíríkà kún un.

Labalábá ńlá kan wà nínú igbó wa, Papilio dardanus. Akọ rẹ̀ yẹ́lò, ó ní ìrù méjì lẹ́yìn apá. Abo rẹ̀ kò ní ìrù, kò sì yẹ́lò. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, dúdú àti funfun ni, ó jọ olóró kan tó ń jẹ́ Amauris niavius bí ìbejì. Ní ibòmíràn, abo inú ẹ̀yà kan ṣoṣo yìí pín sí oríṣi mélòó kan, ìkọ̀ọ̀kan ń farawé olóró tirẹ̀. Wọ́n ti fún wọn ní orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé wọn ò tan mọ́ra, kó tó di pé Roland Trimen ní Gúúsù Áfíríkà tẹ ìwé jáde ní 1869 pé aya ọkọ kan ni gbogbo wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n sin ẹyin abo kan ṣoṣo, oríṣiríṣi sì jáde nínú rẹ̀.

Ẹ wá sọdá sí Madagásíkà. Dardanus wà níbẹ̀, àmọ́ abo rẹ̀ yẹ́lò, ó ní ìrù, ó jọ ọkọ rẹ̀. Kò farawé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yà kan náà, erékùṣù kan lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe dá wọn ni wọ́n wà láìyípadà, ẹ ṣàlàyé tibẹ̀ yẹn fún mi.

MàmáDáre_Manchester

Kẹ́mí, o ò mọ ohun tí o dárúkọ yẹn! Dardanus ló gba ọ̀pọ̀ ọmọ là ní ibi iṣẹ́ wa.

Dókítà Cyril Clarke wà ní Liverpool, kò jìnnà sí wa níbí. Dókítà èèyàn ni, àmọ́ labalábá ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀, òun àti Philip Sheppard tó jẹ́ onímọ̀ jíìnì sì ń da dardanus pọ̀ mọ́ra wọn láti mọ bí wọ́n ṣe ń jogún àwọ̀. Wọ́n rí i pé àwọ̀, ìlà àti ìrù ń rìn pọ̀ bí ẹrù kan láti ara ìyá sára ọmọ, kì í sábà já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní èyí jọ bí wọ́n ṣe gbà nígbà náà pé èèyàn ń jogún Rhesus, ohun tó ń mú kí wọ́n pe ẹ̀jẹ̀ ní positive tàbí negative. Ibẹ̀ ni Clarke ti yí ojú sí ọ̀rọ̀ ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ negative tó lóyún ọmọ positive, tí ara ìyá ń bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, tí oyún kejì, ẹ̀kẹta á máa bàjẹ́ tàbí kí wọ́n bí ọmọ náà pẹ̀lú ibà pọ́njú-pọ́njú tó le. Òun àti Ronald Finn àti àwọn yòókù ló jókòó ti iṣẹ́ tó di abẹ́rẹ́ anti-D, tó ń dènà ìjà yẹn, ní àwọn ọdún 1960. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sọ fún yín ní ilé ìwòsàn aláboyún pé kí ẹ gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bá bímọ positive, òun nìyẹn. Mo ti fún àwọn ìyá Yorùbá ní abẹ́rẹ́ yẹn níbí, wọn ò sì mọ̀ pé labalábá igbó wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

AdébímpéIléṣà

Ará mi bù máṣọ. Ẹ̀jẹ̀ tèmi negative ni, mà. Mo gba abẹ́rẹ́ yẹn lórí ọmọ mi àkọ́kọ́.

BàbáỌdẹ_Ṣakí

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ti kòkòrò kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ejò kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn tó jẹ́ pé bí o bá dé bá a, á ká ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ẹ́-lọ́tẹ̀ẹ́, á máa fi ara ha ara, á dún ṣìììì bíi tí epo ń hó, á tún fi orí sọ bí ẹni pé ó fẹ́ bù ọ́ ṣán. Àwọ̀ rẹ̀ bíi ti paramọ́lẹ̀ kékeré inú yanrìn. Bàbá mi pa ọ̀kan, ó la ẹnu rẹ̀, kò rí eyín tó ṣeé kà. Ó ní ẹyin ẹyẹ ló ń jẹ. Ṣé òun náà wà nínú ẹgbẹ́ yín?

KẹmíKòkòrò

Bàbá, ẹ kú ọdẹ o, àrẹ̀pa! Ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ni. Dasypeltis ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ẹyin nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Á la ẹnu gbé ẹyin tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ mì, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ ṣóńṣó sínú ọ̀fun á gé èèpo ẹyin náà, á mu omi inú rẹ̀, á wá pọ èèpo jáde ní rírún. Eyín kò wúlò fún un. Ariwo tí ẹ gbọ́ yẹn, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ni ó rí gágá bíi ti ayùn, ó ń fi wọ́n ra ara wọn, gẹ́lẹ́ bí paramọ́lẹ̀ kékeré tó ń jẹ́ Echis ṣe ń ṣe. Nítorí náà kì í ṣe àwọ̀ nìkan ló jí, ó jí ohùn pẹ̀lú.

Àmọ́ o, ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sún mọ́ ejò tó ń dún ṣìììì láti lọ wo eyín rẹ̀. Echis yẹn ló ń bu àwọn àgbẹ̀ jẹ jù lókè ọya, òun sì ló jẹ́ kí ilé ìwòsàn ejò tó wà ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, kún fún èrò. Ẹ̀tàn tí ẹyẹ àti ẹranko ò lè tú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ojú tiwa ò ní tú u ní ìṣẹ́jú kan.

ÈròTèmi

Mo gbọ́. Ti Madagásíkà yẹn, mo ṣì ń rò ó. Ẹ wá sọ fún mi, yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ màmá yẹn, kí ni èèyàn lè fi ọgbọ́n yìí ṣe? Kí a kun ara wa ní yẹ́lò?

KẹmíKòkòrò

Ẹ rẹ́rìn-ín o, àmọ́ wọ́n ti kun màlúù. Ní Botswana, lẹ́bàá Okavango, kìnnìún àti ẹkùn ń pa màlúù àwọn darandaran. Ẹranko tó ń lúgọ ni wọ́n, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ẹran ti rí wọn, wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀. Àwọn labalábá pọ̀ tó ní àmì bí ojú lápá, nítorí náà àwọn onímọ̀ kan kun ojú ńlá méjì sí ìdí màlúù 683. Wọ́n kun àmì àgbélébùú lásán sí ìdí 543, wọ́n fi 835 sílẹ̀ láìkùn. Láàárín ọdún mẹ́rin, 15 kú nínú àwọn tí wọn ò kùn, 4 kú nínú àwọn alágbèélébùú. Nínú àwọn tó ní ojú ní ìdí, ẹyọ kan ò kú. 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ohun tí a ò tíì mọ̀ ni bóyá kìnnìún máa tú àṣírí náà bí gbogbo màlúù bá ti ní ojú ní ìdí. Ìbéèrè Dáúdù lókè náà ni.

DáúdùÈkó

Mo ní kí n máa gba owó lórí ìbéèrè yẹn báyìí 😂

AdébímpéIléṣà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ní òpin ọ̀sẹ̀ mo fẹ́ lọ wá ọmọ chrysippus, kí n lè sin ín títí tó fi máa hu apá. Ibo ni kí n ti wá a, báwo ni mo sì ṣe máa dá a mọ̀?

OlùkọÀlàbí

Etí ọ̀nà tó lọ́dàn, ibi tí bọmubọmu bá ti hù sí. Ẹ yí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sí òkè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹyin rẹ̀ kì í ṣù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, funfun, ó rí ṣóńṣó. Ọmọ rẹ̀ ní ìlà dúdú, funfun àti yẹ́lò yí ara ká, okùn dúdú tín-ín-rín sì yọ lára rẹ̀ ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta: níwájú, láàárín, lẹ́yìn. Ẹ gé ẹ̀ka tó léwé dáadáa bọ inú ìgò omi, ẹ fi àwọ̀n bò ó, ẹ máa pààrọ̀ ewé lójoojúmọ́, torí ó ń jẹun.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń gé e. Oje yẹn kò gbọdọ̀ kan ojú rárá, ó máa ń ba ẹyinjú jẹ́. Bí ó bá ta sí yín lójú, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.